Fìlà Ìkókó: Ìtàn Aṣọ Ọmọ Tuntun Tí Wọ́n Ń Fi Abẹ́rẹ́ Hun Ṣe Sàráà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ igi máńgòrò tí ó wà níwájú ilé-kéwú wa.

Ní ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ gba ìsinmi, ọmọbìnrin kan jókòó sí ìdí igi náà. Ó fa abẹ́rẹ́ gígùn méjì àti òwú aláwọ̀ ewé yọ nínú àpò rẹ̀, ó sì ń hun fìlà kékeré kan tí kò tóbi ju ọsàn lọ. Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ́. Ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ olórí kíláàsì wọn ní iṣẹ́ àwọn sísítà ni ó ń ṣe, pé ohun tí àwọn míṣọ́nnárì fi ń fa ọmọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọmọbìnrin náà dáhùn pé àwọn ìyá kan ní àdúgbò àwọn ni wọ́n ń kó irú fìlà bẹ́ẹ̀ jọ fún àwọn ìkókó tí wọ́n bá bí sí ilé ìgbẹ̀bí, òun kò sì rí ohun tí ó kan ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ wá bá mi.

Èmi náà kò dá ẹjọ́ ọ̀hún dáadáa. Mo bá ọmọkùnrin náà wí pé kí ó má fi ẹnu àbùkù kan ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n mo fi kún un pé òótọ́ ni pé ọwọ́ òyìnbó ni iṣẹ́ náà ti wá, kò sì burú kí a kọ́ ohun rere lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, àwọn tísà obìnrin a máa kó àwọn ọmọbìnrin jọ ní ọ̀sán Ọjọ́rú láti kọ́ wọn ní nítìn, àwa ọkùnrin a sì máa hun apẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti rí i ni mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti ran àwọn ọmọ náà lọ tán ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà, mo sì rí i pé mo ti ṣì wọ́n lọ́nà. Àtúnṣe ẹjọ́ yẹn ni mo ń ṣe nínú ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ohun kan yé wa. Aṣọ híhun tí a mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá láti ìgbà láéláé jẹ́ ti òfì: òwú kan nà lóròó, òwú kejì ń gba àárín rẹ̀ kọjá ní ìbú. Aṣọ tí ó bá ti bẹ́ẹ̀ jáde máa ń le, kì í fà. Ti abẹ́rẹ́ yàtọ̀. Okùn òwú kan ṣoṣo ni, ẹni tí ń hun ún á ṣe é ní ojóbó, á sì máa fa ojóbó kan gba inú ojóbó mìíràn kọjá títí yóò fi di aṣọ. Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojóbó púpọ̀ ni yóò wà lórí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ kọ́róṣé, ìkọ́ kan ṣoṣo ni, a ó sì máa parí ojóbó kọ̀ọ̀kan kí a tó bọ́ sí òmíràn. Aṣọ tí a fi ojóbó ṣe a máa fà, a sì máa sún padà. Ìdí nìyí tí ó fi bá orí àti ẹsẹ̀ mu ju aṣọ òfì lọ, pàápàá orí ọmọ tí a bí lánàá, tí kò sí ẹni tí ó lè wọ̀n ọ́n kí ó tó dé.

Níbo ni ọgbọ́n yìí ti wá? Ilẹ̀ Íjíbítì ni àwọn onímọ̀ tọ́ka sí. Ìbọ̀sẹ̀ pupa kan wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní London, tí wọ́n hú jáde ní Oxyrhynchus, ìlú tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Al-Bahnasa. Láàárín ọdún 300 sí 499 ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì la ọmọ ìka rẹ̀ sí méjì kí bàtà olókùn lè wọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá wò ó yóò ní nítìn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo bí ti ìránṣọ ni wọ́n fi dì í. Nítìn gan-an, tí a mọ̀ lónìí, àwọn tí ó pẹ́ jù nínú èyí tí ó kù sáyé jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ àti àgékù aṣọ tí wọ́n fi òwú ṣe ní Íjíbítì lẹ́yìn tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, ní àsìkò tí a lè pè ní ọdún 1000 sí 1400. Aró àti funfun ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá rí àwòrán wọn, àdìrẹ ni yóò kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn.

Lára àwọn ìbọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, òmíràn ní ọ̀nà tí ó jọ ìkọ̀wé Kúfì, àwọn kan sì kà á sí Orúkọ Ọlọ́hun. Kò wù mí kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ kì í ṣe ibi tí mùmíní ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó hun ún fẹ́ràn bí lẹ́tà náà ṣe dúró ṣánṣán, ó sì fi ṣe ọ̀nà lásán, bí àwọn ọlọ́ṣọ̀ọ́ wa náà ṣe ń ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìgbéraga Mùsùlùmí ló mú mi sọ èyí, ẹ jẹ́ kí ó mọ ẹni tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí mi. Richard Rutt ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ṣe míṣọ́nnárì ní Kòríà, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà ní Leicester. Bíṣọ́ọ̀bù yìí fúnra rẹ̀ mọ nítìn ṣe, ó sì kọ ìwé ńlá kan jáde ní 1987 lórí ìtàn iṣẹ́ náà. Òun náà kò rí ibòmíràn tọ́ka sí ju Íjíbítì lọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún olórí kíláàsì wa, ó bojú wolẹ̀.

Láti Íjíbítì, ó dà bí ẹni pé ọ̀nà Andalúsì, ìyẹn Sípéènì ayé ijọ́un, ni iṣẹ́ náà gbà wọ ilẹ̀ òyìnbó. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú sàréè. Ní ẹ̀bá ìlú Burgos, ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kírísítì kan wà tí wọ́n ń pè ní Las Huelgas, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn ẹbí ọba Castile sí. Ní 1275, Fernando de la Cerda, àkọ́bí ọmọkùnrin Ọba Alfonso Kẹwàá, ń múra láti lọ pàdé ogun àwọn Mùsùlùmí tí ó ti Mọ̀rókò sọdá, ikú sì pa á lọ́nà. Nígbà tí wọ́n ṣí pósí rẹ̀ ní ayé òde òní, wọ́n bá tìmùtìmù kan níbẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́dà hun, tí iṣẹ́ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ojóbó bí 20 fi wọ inú íǹṣì kan. Ní etí rẹ̀ yí ká, wọ́n hun ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ní Kúfì, wọ́n sì tún un hun léraléra: bàrákà. Ọmọ ọba tí ń bá Mùsùlùmí jà, ìbùkún tí ọwọ́ Mùsùlùmí hun ni ó bá a wọ sàréè. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ilé-kéwú lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sú mi.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn èyí tí aṣọ ọmọdé fi wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní nǹkan bí ọdún 1400, àwọn ayàwòrán ìdílé Master Bertram ní Jámánì ya àwòrán kan fún ṣọ́ọ̀ṣì Buxtehude, tí ó wà ní Hamburg báyìí. Wọ́n ya Màríyámù, ìyá Ànábì Ísà, tí ó jókòó tí ó ń fi abẹ́rẹ́ mẹ́rin hun ẹ̀wù pupa kékeré kan fún ọmọ rẹ̀. Àwa kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ ní Palẹsítínì ní ayé Ànábì Ísà, a kò sì ní àwòrán ṣe. Ṣùgbọ́n òpìtàn a máa gba ẹ̀rí níbi tí ó bá wà: ẹni tí ó ya àwòrán náà ti rí obìnrin tí ń hun ẹ̀wù ọmọ rí, ó sì mọ̀ pé àwọn tí yóò wò ó ti rí i rí. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú London náà ní fẹ́sì ọmọdé kan tí wọ́n hun láàárín ọdún 1500 sí 1600. Ó kéré, ó sì rí bí ohun tí ìyá kan lè fi sínú àpótí lónìí. Ní 1589, William Lee ní àgbègbè Nottingham ṣe ẹ̀rọ tí ń hun ìbọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ díẹ̀díẹ̀. Ti ọmọ ìkókó ni kò tètè bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́, nítorí kò sí èrè ńlá nínú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fífi tọrẹ, tí ó jẹ́ ìdí pàtàkì tí mo fi gbé kálámù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ó wọ́pọ̀ kí àwọn ìyàwó ọlọ́rọ̀ kó aṣọ ìkókó sínú àpò tàbí àpótí, kí wọ́n sì yá tálákà tí ó bá fẹ́ bímọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: yíyá ni. Bí ó bá di oṣù kan, ìyá yóò fọ aṣọ náà, yóò sì dá a padà fún ẹni tí ó kàn. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń yá. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ àti ilé ìgbẹ̀bí aláàánú ìgbà náà ni wọ́n ń béèrè bóyá obìnrin náà ní ọkọ, tí wọ́n sì ń béèrè lẹ́tà láti ọwọ́ ẹni tí ń dá owó fún ẹgbẹ́. Ìkókó tí òtútù ń mú kò mọ̀ bóyá bàbá rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ níyàwó. N kò sọ pé kí a má ka ìgbéyàwó sí, ẹ mọ̀ mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n gbé ẹ̀ṣẹ̀ àgbà lé orí ọmọ ọjọ́ kan.

Ní 1882 ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Ilé àwọn ọmọ òrukàn kan wà ní Iwerne Minster ní ìpínlẹ̀ Dorset, wọ́n nílò aṣọ híhun fún àwọn ọmọ náà. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ lè wọ ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ń fọ èkejì. Lady Wolverton kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní London, ohun tí wọ́n sì fi ṣe òfin ni pé kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ mú aṣọ méjì wá lọ́dún. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Philadelphia ní Amẹ́ríkà ní 1885. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ọwọ́ Ọba-bìnrin Mary ni ẹgbẹ́ ti London wà, ó sì ń rán aṣọ sí ojú ogun.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà, "méjì" yìí ni ó wọ̀ mí lára jù. Ẹni tí ó bá fi aṣọ kan tọrẹ, inú ara rẹ̀ ni ó ń dùn. Ẹni tí ó bá fi méjì tọrẹ ti rò ó pé ọmọ yóò tọ̀ sí i lára, pé òjò lè rọ̀ kí aṣọ má gbẹ. Ó ti ronú dé inú yàrá ìyá ọmọ.

Ti kọ́róṣé, ìtàn rẹ̀ kúrú. Kò tíì pé igba ọdún púpọ̀ tí ó gbajúmọ̀ ní Yúróòpù. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Áyálàǹdì láti 1845, àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ìkọ́ kan àti òwú fín-ín-fín gba ẹbí wọn lọ́wọ́ ebi. Títà ni tiwọn, kì í ṣe ọrẹ, nítorí náà n kò ní dúró lórí rẹ̀.

Ṣé ọmọ tálákà nìkan ni ó yẹ kí á fún, tàbí gbogbo ọmọ? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé ju bí a ti rò lọ. Àwọn òpìtàn Lárúbáwá sọ ìtàn Kálífà Úmárù ọmọ Khàtáábù, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, pé ó ti fi owó sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti inú àpò ìlú, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú nìkan ni ó ń gbà á. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn oníṣòwò kan wọ̀ sí Mọ̀dínà, Úmárù àti Abdur-Rahmán ọmọ Áwúfì sì ń ṣọ́ wọn. Ọmọ kan ń ké ṣáá. Úmárù lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Obìnrin náà kò mọ ẹni tí ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń fi agbára já ọmọ náà lẹ́nu ọmú ni, nítorí pé Úmárù kì í fún ọmọ tí ó bá ṣì ń mu ọmú. Nígbà tí Úmárù ṣe ìmáàmù fún ìrun Àsùbáà, ẹkún kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ kíké rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìrun ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n kéde káàkiri: kí ẹnikẹ́ni má kánjú já ọmọ lẹ́nu ọmú mọ́, gbogbo ọmọ tí a bá bí ni yóò máa gba tirẹ̀ láti ọjọ́ tí a bí i.

Ní ìlú Finland, ní ìhà àríwá Yúróòpù lọ́hùn-ún, irú nǹkan kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní ayé òde òní. Ní 1938, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aboyún tí kò rí já jẹ ní àpótí kan tí aṣọ ọmọ, aṣọ ìtẹ́lébùsùn àti aṣọ tí a kò tíì rán wà nínú rẹ̀. Àpótí náà fúnra rẹ̀ ni ọmọ lè sùn sí. Ìgbà náà, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀, 65 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ní 1949 wọ́n yí òfin padà: gbogbo aboyún, olówó àti tálákà, ni yóò gba àpótí, bí ó bá ti lè lọ rí dókítà tàbí agbẹ̀bí kí oyún rẹ̀ tó pé oṣù mẹ́rin. Lónìí, ikú ọmọ wọ́n gidigidi níbẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé àpótí ni ó ṣe é. Èmi kò gbà pé àpótí nìkan ni. Dókítà tí aboyún lọ rí kí ó tó gba àpótí ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, omi tó mọ́ àti oúnjẹ náà ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó olówó ti ń gba àpótí kan náà, ìtìjú ti kúrò nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń fi ìka tọ́ka sí ọmọ tálákà nítorí aṣọ ọrùn rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Ààfáà, Finland ni yìnyín wà. Kí ni ìkókó fẹ́ fi fìlà wúùlù ṣe ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń jó ènìyàn?" Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó yí mi lọ́kàn padà ni ti ọmọ mi kẹta, tí wọ́n bí nínú ọyẹ́ ní January 2001, tí oṣù rẹ̀ kò pé. Kò wọ̀n ju kílò kan àti àbọ̀ lọ dáadáa. Níbi tí a bí i sí, wọ́n fi omi wẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó wà lára rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́, kò gba ọmú mọ́, kò sì ké. Ìyá mi fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ti dà bí ẹsẹ̀ àkùkọ tí a pa lánàá." Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí ó wọlé iṣẹ́ alẹ́ ló yọ ọmọ náà kúrò níbẹ̀. Ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí àárín ọmú ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò, ó fi aṣọ bò wọ́n pọ̀, ó sì fa fìlà híhun kan yọ nínú àpò ara rẹ̀, ó fi dé e lórí. Ọmọ náà kò mu ọmú títí di ẹ̀yìn ìrun Ìṣáì. Ó gbà á nígbà tó yá. Ó ti di géńdé báyìí, àlùhámúdúlílàì, ó sì máa ń bínú bí mo bá sọ ìtàn yìí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yẹn mọ ohun tí ó ń ṣe. Inú ìyá gbóná, ó sì rọ̀. Ọmọ tí ó bá ti ibẹ̀ jáde, ara rẹ̀ tutù fún omi, afẹ́fẹ́ sì ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ bí ó ti ń fa omi kúrò lára aṣọ tí a sá. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 1997 lórí ọ̀rọ̀ yìí sọ pé bí a kò bá dáàbò bo ọmọ náà, ooru ara rẹ̀ lè fi ìwọ̀n 2 sí 4 lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ó tún sọ ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu: ìhòòhò ọmọ tuntun nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 23, èyí tí àwa ń pè ní afẹ́fẹ́ tútù dáadáa, dà bí ìhòòhò àgbàlagbà níbi tí omi ti ń di yìnyín. Ọmọ tuntun kò lè gbọ̀n bí àgbà ti ń gbọ̀n láti mú ara rẹ̀ gbóná. Ọ̀rá kan wà lára rẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò sì ní ọ̀rá náà tó. Orí rẹ̀ sì tóbi ju bí ti àgbà lọ bí a bá fi wé ìyókù ara, ibẹ̀ ni ooru púpọ̀ ń gbà jáde. Ooru ara tó yẹ ọmọ jẹ́ 36.5 sí 37.5. Bí ó bá ti wá sísàlẹ̀ 36.5, òtútù ti ń wọ̀ ọ́n nìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kí ó wo Ṣágámù níbí. Ní 2008 àwọn dókítà ilé ìwòsàn yunifásítì ibẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ìkókó 150 tí wọ́n gbé wá fún ìtọ́jú. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ooru ara wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, 93 nínú wọn ni òtútù ti mú. Nílẹ̀ ẹni, lábẹ́ oòrùn ẹni.

Títẹ́ ọmọ sí àyà ìyá náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, ní 1978, ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí kò tó ní ilé ìwòsàn tí Dókítà Edgar Rey Sanabria ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kó ọmọ méjì mẹ́ta sínú ọ̀kan ṣoṣo. Ó wá ní kí àwọn ìyá máa gbé ọmọ sí àyà tọ̀sán-tòru, ara kan ara. Ohun tí ó sábà máa ń wà lára ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ju ìtẹ́dìí, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà lọ. Fìlà kò rọ́pò ìyá. Ìyá ni iná, fìlà ni ọmọrí ìkòkò.

Ibí yìí ni mo fẹ́ bá àwọn ìyá àgbà sọ ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n má bínú sí mi. A fẹ́ràn kí a fi kànìn-ìn-kànìn-ìn wẹ ọmọ ní kété tí ó bá délẹ̀, a ó na apá rẹ̀, a ó jù ú sókè. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 2013 ni pé kí á dúró di wákàtí 24 kí á tó wẹ̀ ẹ́. Nínu ni kí á nù ún gbẹ. Súnà ọmọ di ọjọ́ kéje, ìwẹ̀ náà kò ní sá lọ.

Nígbà tí àwọn òyìnbó rí i pé òtútù ń pa ìkókó ní ilẹ̀ olóoru, wọ́n tún gbé abẹ́rẹ́ wọn. Ní 2006, ẹgbẹ́ Save the Children ní Amẹ́ríkà ké sí àwọn ahunṣọ pé kí wọ́n hun fìlà, fìlà tí wọ́n kó wá sì lé ní 280,000, èyí tí wọ́n kó lọ fún àwọn ìkókó ní Bangladesh àti Malawi. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí àwọn tí ó ṣe é mọ ohun tí fìlà wà fún, wọ́n sì ń kọ̀wé sí ààrẹ wọn pé kí ó wá owó sí ètò ìgbẹ̀bí pẹ̀lú.

Èkejì kò tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 2000, ìròyìn kan tàn kálẹ̀ pé àwọn ilé ìwòsàn kan wà ní Áfíríkà tí ìyá ti ń fi ìwé ìròyìn wé ọmọ lọ sílé. Àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹ̀wù kéékèèké, wọ́n sì ń pe àwọn ọmọ wa ní ọmọ ẹja-àti-ànàmọ́-díndín, nítorí ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń dì í fún ẹni tí ó bá rà á lọ́hùn-ún. Ẹ fojú inú wò ó kí ẹnì kan sọ ọmọ tìrẹ ní ọmọ àkàrà. Ọkàn rere ló mú wọn hun ẹ̀wù náà, Ọlọ́hun á san án fún wọn, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ọmọ ti gbóná nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnikẹ́ni bi ìyá ọmọ léèrè ohun tí ó ní nílé? Ìyá Yorùbá kì í tilẹ̀ fi aṣọ tuntun tí ó le wé ìkókó. Ìró àlòkù tí ó ti rọ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú ni ó ń gé fún un, ọgbọ́n ni, kì í ṣe òṣì. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe sàráà kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ burúkú sọ ẹni tí yóò gbà á. Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé ti kìlọ̀ fún wa nípa ìrègún lẹ́yìn sàráà, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ ìrègún tí ó ṣáájú sàráà.

Àwọn tí yóò bá hun ún níbí, àwọn dókítà ní àwọn nǹkan tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ìbọ̀wọ́ tí ó ní ihò tàbí òwú tí ó já sílẹ̀ nínú lè yí ọmọ ìka ìkókó ká, kí ẹ̀jẹ̀ má lè dé ibẹ̀ mọ́. Okùn tí a ń so lábẹ́ àgbọ̀n lè fún ọmọ lọ́rùn. Láti 1991 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti bẹ̀rẹ̀ ìpolongo wọn lórí bí ó ṣe yẹ kí ọmọ sùn, wọ́n ń sọ pé kí á tẹ́ ọmọ sí ẹ̀yìn, kí á má sì jẹ́ kí ooru pa á jù, kí orí rẹ̀ wà ní ṣíṣí bí ó bá sùn nílé. Fìlà wà fún wákàtí àkọ́kọ́, fún ọmọ tí ó kéré, àti fún ìta nínú ọyẹ́. Bí ọmọ tí ó ti tóbi bá ń làágùn, kí á ṣí i lórí. Kí á sì rántí pé ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní ọjà ní wúùlù, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò mọ àgùntàn rí, láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ṣe é. Irun àgùntàn tòótọ́, tí a dárúkọ oore rẹ̀ nínú Súrà Náhálì, wọ́n níbí, ó sì wọ́n lówó. Òwú lásán náà dára, òun ni àwọn ará Íjíbítì kúkú lò.

Gbogbo èyí ni mo padà sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì náà, ní ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka iṣẹ́ wọn. Mo bẹ ọmọbìnrin náà pé kí ó má bínú sí ẹjọ́ tí mo dá fún un. Ó ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n ya bàrákà fún òun bí ó ti wà lára tìmùtìmù Burgos, kí òun fi hun etí fìlà. Mo fa ìlà sórí ìwé bí ilé ayò, mo kun àwọn ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, káfù nìkan gba ojú mẹ́sàn-án. Ó gbé e lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó gbé fìlà náà dé, aláwọ̀ ewé, lẹ́tà rẹ̀ funfun. Mo ti rò pé yóò yí padà bí ìwé tí a gbé síwájú dígí, nítorí a kò kọ́ wọn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́tà náà gún régé.

Mo bi í léèrè bí ó ṣe ṣe é tí kò fi dà rú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ààfáà, bí a bá kọjú aṣọ sí ara wa, láti ọ̀tún ni abẹ́rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí òsì. Bí ẹ ti ń kọ́ wa ní wàláà náà ni."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ èkejì.